Igbó Tí Mo Pè, Igbó Tí Ìyá Mi Gbọ́

Ọjọ́ tí mo rí iṣẹ́ tí mo ń ṣe ní Turin, ní ilẹ̀ Italy yìí, ìyá mi ni mo kọ́kọ́ pè. Ṣakí ni wọ́n wà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, ohùn wọn ń já lọ já bọ̀. Wọ́n ní, "Iṣẹ́ kí ni wọ́n gbà ọ́ sí?" Mo ní, "Orí igbó ni mo máa ṣiṣẹ́ lé, Mà." Wọ́n pariwo, "Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi yọ̀ o!" Wọ́n sì bú sórin. Inú mi dùn pé inú wọn dùn. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pè mí, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Ìyá wa ti dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé òyìnbó ti fi ọmọ àwọn jẹ ọ̀gá igbó ìjọba.

Igbó tí mo pè kọ́ ni igbó tí wọ́n gbọ́. Igbó tí àwọn ọmọ ìta ń fà lẹ́yìn ilé ni mo ń sọ, ewéko tí àwọn ará ibí ń pè ní canapa. Ìyá mi gbọ́ ìrókò, wọ́n gbọ́ ẹtu àti ọ̀yà. Ẹ̀bi wọn kọ́. Ẹnu kan náà la fi ń pe méjèèjì, ohùn kan náà ni. Mo lè tún un ṣe lọ́jọ́ náà. Ó kù kí n sọ pé, "Rárá, Mà, èyí tí wọ́n ń fà ni." N ò sọ ọ́. Ọdún mẹ́fà ni n ò fi sọ ọ́.

Mo mọ ìdí rẹ̀, ó sì ń tì mí lójú. Àbúrò mi ọkùnrin, àbíkẹ́yìn ìyá wa, bẹ̀rẹ̀ sí í fa igbó nígbà tó wà ní poly. Ọdún tó yẹ kó parí ni orí rẹ̀ dàrú. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, ó jáde, ó tún padà. Ní báyìí, ọ̀dọ̀ ìyá wa ló wà, ó ń lo oògùn rẹ̀, ó ń sin adìẹ, ó máa ń rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹnikẹ́ni ò ṣẹ̀fẹ̀. Dókítà ní kì í ṣe igbó nìkan, pé ó ṣeé ṣe kí ó ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìyá mi ò gba ìyẹn gbọ́. Lójú tiwọn, igbó ló gbé ọmọ wọn lọ, tó sì dá ẹlòmíràn padà fún wọn.

Èyí tí ìyá mi ò mọ̀ ni pé èmi mọ̀. Odidi ọdún méjì kí orí ọmọ yìí tó dàrú ló ti sọ fún mi lórí fóònù, tó sì bẹ̀ mí kí n má sọ fún Màámi. Padua ni mo wà nígbà náà, ìmọ̀ nípa irúgbìn ni mo ń kọ́ ní yunifásítì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, láòdù ni mò ń lò o, kì í ṣe igbó àwọn ọlọ́kadà." Kàkà kí n bá a wí, ìwé ló ń gùn mí. Mo jókòó, mo ṣàlàyé fún un ìdí tí láòdù fi le ju igbó ayé àtijọ́ lọ, àfi bíi pé olùkọ́ ń dán mi wò. Ó ní, "Ẹ mọ̀wé o, ẹ̀gbọ́n mi!" Mo rẹ́rìn-ín, inú mi tiẹ̀ dùn. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí mo bá fẹ́ la ọ̀rọ̀ igbó yìí yé ìyá mi, ìbéèrè tó máa tẹ̀ lé e ni mo máa ń rí: ṣé ìwọ mọ̀? Ìbéèrè yẹn ni mò ń sá fún. Igbó ìjọba wá di ibi ìsápamọ́ fún mi.

Àdúrà tí wọ́n wá ń gbà fún mi lórí fóònù nìyẹn: ẹkùn ò ní rí mi pa jẹ, ejò ò ní bù mí ṣán, igi ò ní wó lù mí. Wọ́n fi bàtà òjò rán ẹnì kan tó ń bọ̀ ní Milan, kí n máa rí nǹkan wọ̀ wọnú igbó. Wọ́n bi mí bóyá àwọn òyìnbó máa ń gbà wá láyè láti pa ẹran. Mo ń ṣe "Àmín, Mà, Àmín, Mà," ẹnu mi ń korò bí ẹni jẹ ewúro.

Ó yẹ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, torí ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ju gbólóhùn kan lọ kó tó bú sẹ́rìn-ín. Ewéko kan ṣoṣo ni. Akọ wà, abo wà. Àwọn àgbẹ̀ ìhà gúúsù Turin níbí gbìn ín fún ìran púpọ̀ nítorí okùn ara rẹ̀. Okùn ọkọ̀ ojú omi, aṣọ ìgbòkun, aṣọ ibùsùn ìyàwó tuntun, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti ń jáde. Ohun tí wọ́n ń ṣe ò ju pé kí wọ́n dá èyí tó ga jù, tó sì tọ́ jù, sí fún irúgbìn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún nìyẹn, títí ó fi ga ju ènìyàn méjì tó gun ara wọn léjìká. Kò sí ẹni tó wádìí bóyá ó ń pani bí ọtí. Níbòmíràn, lórí àwọn òkè tí oòrùn ti ń mú, oje rẹ̀ ni wọ́n ń wá, nítorí náà èyí tí oje rẹ̀ bá le jù ni wọ́n ń dá sí. Ìran tó wá lẹ́yìn ló kó méjèèjì pọ̀. Wọ́n mú èyí tó ń tètè gbó ní ilẹ̀ tútù, wọ́n fi gba irú lára èyí tó le ní ilẹ̀ ooru. Wọ́n ń fa akọ tu kí abo má baà so èso, kí ó lè kó gbogbo agbára rẹ̀ sínú oje. Wọ́n gbé e wọ inú ilé sábẹ́ iná mànàmáná. Èyí tó bá le ni wọ́n ń mú, ọmọ èyí tó le ni wọ́n tún ń ṣà. Ohun tí bàbá àgbà fà tó kàn ń tòògbé, ọmọ ọmọ rẹ̀ fà á, ó ń bá ògiri sọ̀rọ̀.

Èmi ni mò ń dá a padà. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Mò ń wá èyí tí ohun tó ń pani inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí okùn ara rẹ̀ sì tún dára bíi ti àwọn àgbẹ̀ àtijọ́. Bí mo bá rí ọ̀kan, èkejì á sá. Bí oró bá dín kù, igi náà á ṣe kúkúrú. Bí ó bá ga, àyẹ̀wò á ní oró rẹ̀ fi díẹ̀ kọjá ohun tí òfin sọ, a ó sì fi iná sun gbogbo rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló sì ń gbé lẹ́búlẹ́bú akọ kiri. Ọ̀mùgọ̀ kan lè gbin tirẹ̀ sínú ìkòkò lórí balcone rẹ̀, kó gba iṣẹ́ ọdún kan lọ́wọ́ mi láìmọ̀. Ìjọba náà tún wá gbé òfin jáde tó sọ òdòdó rẹ̀ di ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá. Nígbà mìíràn mo máa ń dúró láàárín oko wa nítòsí Novara, màá kàn máa bú afẹ́fẹ́.

Èyí tún sàn. Ẹ wá wo ènìyàn dúdú tó gbé irúgbìn canapa dání ní stazione, ibùdókọ̀ ojú irin Padua. Mo lọ gba irúgbìn lọ́wọ́ olùkọ́ mi àtijọ́, inú àpò bébà ló wà, orúkọ kọ̀ọ̀kan wà lára rẹ̀, ìwé àṣẹ wà lọ́wọ́ mi. Ajá ọlọ́pàá kan fi imú kan àpò mi, ó jókòó tì mí. Ọlọ́pàá ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó wò mí, ó tún wo ìwé. Ó ní, "E tu la studi?" Ìwọ lo wá ń fi ṣe ìwádìí? Wọ́n dá mi dúró títí ọkọ̀ ojú irin mi fi lọ, tí ìkejì náà tún lọ. Ọ̀gá mi, òyìnbó, máa ń gbé irú àpò yìí sábẹ́ apá bí ẹni gbé búrẹ́dì. Ní questura, ọ́fíìsì àwọn ọlọ́pàá, nígbà tí mo lọ tún permesso, ìwé ìgbélùú mi, ṣe, obìnrin tó wà lẹ́yìn gíláàsì ka iṣẹ́ tí wọ́n kọ sínú contratto mi, ó pe ẹnì kejì rẹ̀ wá wò ó, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ ní magazzino, ilé ìkẹ́rùsí, ní Bergamo kì í pè mí lórúkọ mọ́. "Dókítà Igbó" ló ń pè mí, kódà níwájú ìyàwó mi. Bí mo bá bínú, á ní, "Ṣé irọ́ ni?" Irọ́ kọ́. Ìyẹn gan-an ló ń dùn mí.

Lọ́dún yìí, ìyá mi gba fisa, wọ́n wá lo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lọ́dọ̀ wa. Mo ti bá ìyàwó mi sọ ọ́: kò sí ẹni tó máa dárúkọ iṣẹ́ mi. Ìyàwó mi ní, "Mi ò sí nínú irọ́ yìí o. Ó sàn kí o sọ fún wọn fúnra rẹ." Mo ní mo máa sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, èkejì kọjá. Mo gbàgbé pé ẹnì kan wà nílé tí n ò bá ṣe àdéhùn kankan.

Ọmọ mi obìnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Turin la bí i sí. Bí a bá fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, Italian ló fi ń dáhùn. A ń jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ Sunday kan, ìyá mi ń kó ẹran sínú àwo rẹ̀. Wọ́n ní, "Jẹun dáadáa, kí o lè lágbára bíi ti bàbá rẹ tó ń ṣọ́ igbó." Ọmọ yìí bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ma no, nonna! Papà non sta nel bosco. Papà fa la cannabis!" Ó ní bàbá òun ò sí nínú igbó kankan, pé cannabis ni bàbá òun ń ṣe.

Bó bá jẹ́ canapa ló pè ni, ì bá ti kọjá lọ. Ṣùgbọ́n kò sí rédíò tí wọ́n ò ti ń dárúkọ cannabis nílé, nígbà tí wọ́n bá ń sọ ti àwọn tí ọwọ́ tẹ̀. Ìyá mi gbé ṣíbí wọn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Kí lo pè?" Ọmọ náà tún un pè ketekete, ó tilẹ̀ fi kún un pé, "Quella buona, nonna." Èyí tó dára ni, ó ń gbèjà mi. Ìyá mi yí ojú sí mi.

Wọ́n ní, "Igbó wo lo ní ò ń ṣiṣẹ́ lé lórí?"

Mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Mo ní igbó wo?"

Mo ní, "Èyí tí wọ́n ń fà ni, Mà."

Wọ́n dìde, wọ́n wọ yàrá lọ. Láti ọjọ́ Sunday yẹn di Wednesday, "ẹ káàárọ̀" mi nìkan ni wọ́n ń dá lóhùn. Ìyàwó mi gbé oúnjẹ lọ bá wọn, ó ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi nǹkan kan ẹnu." Ìyá mi ní kò sí ìjà láàárín àwọn méjèèjì, pé kó kàn bá wọn wo bí wọ́n ṣe lè yí ọjọ́ tíkẹ́ẹ̀tì wọn padà. Inú bí mi sí ọmọ mi, inú bí mi sí ìyàwó mi tó ń wò mí pẹ̀lú ojú ṣebí-mo-sọ. Inú bí mi sí ìyá mi pàápàá. Mo ní lọ́kàn mi pé, ìgbà tí mo ń jìyà nítorí ohun tó pa ọmọ yín lára, tí mò ń yọ oró rẹ̀ lọ́dọọdún, ẹ̀yin ni ẹ wá ń bá mi bínú. Mo dá ara mi láre gan-an. Mo kan ilẹ̀kùn wọn ní Thursday, mo ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ wò ó. Tí ẹ bá rí i, tí inú yín ò bá rọ̀, èmi fúnra mi ni màá yí tíkẹ́ẹ̀tì náà padà."

Wọ́n jókòó sí iwájú mọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọn ò sọ̀rọ̀ títí a fi dé ibi tí omi ti dúró nínú oko lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ní, "Ìrẹsì nìyẹn?" Mo ní, "Ìrẹsì ni, Mà."

Nígbà tí a dé etí oko wa nítòsí Novara, canapa ti ga ju orí wa lọ dáadáa. Ìyá mi dúró. Wọ́n fa ìborùn wọn, wọ́n fi bo imú. Wọ́n ní, "Òórùn yàrá rẹ̀ nìyí." N kò bi wọ́n pé yàrá ta ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yára sọ̀rọ̀, pé òórùn lásán ni, pé òórùn ọ̀tọ̀, oró ọ̀tọ̀, pé ẹni tó bá fa gbogbo oko yìí tán, orí á kàn máa fọ́ ọ ni. Wọ́n ń wò mí. Mo já ẹ̀ka kan, mo bó èèpo rẹ̀, mo fa okùn rẹ̀ jáde lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n fi ìka méjì fà á, kò já. Wọ́n fà á lẹ́ẹ̀kejì.

Wọ́n ní, "Báwo lẹ ṣe ń yọ oró yẹn kúrò?"

Ọmọ àgbẹ̀ ni ìyá mi, kó tó di pé wọ́n lọ ṣe tíṣà. Mo ní, "A kì í yọ ọ́, Mà. Yíyàn ni. Èyí tí oró rẹ̀ bá kéré jù la ń fi ṣe irúgbìn."

Wọ́n ní, "Bí ìyá mi ṣe ń ṣe àgbàdo. Ọmọ tó bá yọ dáadáa ló máa ń so mọ́ àjà, ó ní ìyókù ni kí a jẹ."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni, Mà!"

Bí ara ṣe tù mí tó, n ò lè sọ ọ́. Fún ọdún mẹ́fà tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tí ó tètè yé bẹ́ẹ̀ rí. Ẹnu mi wá là. Mo sọ ti àwọn àgbẹ̀ okùn, mo sọ ti àwọn ará orí òkè, mo sọ bí wọ́n ṣe ń fa akọ tu, bí wọ́n ṣe gbé e wọnú ilé. Mo ní, "Bí wọ́n ṣe ń yan èyí tó le lórí èyí tó le nìyẹn, Mà, títí ó fi di láòdù."

Ìyá mi gbọ́ ọ tán. Wọ́n ń wé okùn náà mọ́ ìka wọn.

Wọ́n ní, "Àwọn tó ń yàn án kó lè le yẹn, ṣé wọ́n mọ̀ pé ó lè ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́?"

Mo ní, "Ọ̀pọ̀ wọn ò ronú dé ibẹ̀, Mà. Agbára rẹ̀ ni wọ́n ń wò."

"Ìwọ ńkọ́, ìgbà wo lo ti mọ gbogbo èyí?"

"Láti Padua ni, Mà. Ọdún kejì mi níbẹ̀."

"Ọdún kejì rẹ níbẹ̀, àbúrò rẹ wà ní poly."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà."

Ẹni tó ti ṣe tíṣà ju ọgbọ̀n ọdún lọ mọ bí wọ́n ṣe ń fi ìbéèrè wẹ́wẹ́ ká ọmọ mọ́. Wọ́n gbójú sókè. Wọ́n ní, "Orúkọ tí o pè yẹn, láòdù. Ṣé bí àwọn òyìnbó ibí ṣe ń pè é nìyẹn?"

Ìgbà yẹn ni mo rí ibi tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé. Kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ níbí. N kò kà á nínú ìwé kankan.

Mo ní, "Rárá, Mà."

Wọ́n ní, "Ẹnu ẹnì kan ṣoṣo ni mo ti gbọ́ ọ rí. Ọjọ́ tí wọ́n dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń pè é. Mo rò pé orúkọ ènìyàn ni. Mo ní kí wọ́n bá mi wá onítọ̀hún." Wọ́n wá ní, "Ta ló pè é létí ìwọ?"

Mo lè purọ́. Irọ́ wà lẹ́nu mi, ó ti gbó, ó kù kí n tu ú jáde: ọ̀rẹ́ mi ní Bergamo, íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn ọmọ Nàìjíríà ní Modena. Ọmọ ogójì ọdún ni mí, mo dúró níwájú ìyá mi láàárín oko.

Mo ní, "Òun ló sọ fún mi, Mà. Ó ní kí n má sọ fún yín."

"Ó tó ìgbà wo kí orí rẹ̀ tó dàrú?"

"Ọdún méjì, Mà."

Wọn ò pariwo. Bí wọ́n bá pariwo, ì bá sàn fún mi. Wọ́n tú okùn náà kúrò lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bí ẹni dá ohun olóhun padà.

Wọ́n ní, "Ọdún méjì yẹn, gbogbo ọjọ́ Friday ni mo fi ń gbààwẹ̀. Mo ń bi Ọlọ́run pé kí ló ń ṣe ọmọ mi. Mo ní kó kàn fi hàn mí, kó má tilẹ̀ wò ó sàn, kó kàn jẹ́ kí n mọ̀. O máa ń pè mí ní gbogbo Sunday."

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí erùpẹ̀ níbẹ̀, mo ń bẹ̀bẹ̀. Wọ́n ní kí n dìde, pé aṣọ mi á dọ̀tí. Wọ́n yí padà, wọ́n rìn lọ sídìí mọ́tò. Mo sáré, mo ṣí ilẹ̀kùn iwájú fún wọn. Wọ́n kọjá lára mi, wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣí ti ẹ̀yìn, wọ́n wọlé, wọ́n jókòó bí ẹni wọ takisí. Mo wakọ̀. Láti Novara títí dé Turin, mò ń wá ojú wọn nínú dígí, fèrèsé ni wọ́n kọjú sí.